Ewé Akòko Tí Mo Gbé Lọ sí Jámánì

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni ọlọ́kadà já mi sílẹ̀ ní gáréèjì Orè, èmi, àpótí kan, àpò púpurú kan, ìyẹn ẹ̀gẹ́ roboto tí a fi èéfín yan, àti ohun kékeré kan tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí nípa rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Orè, ẹ mọ̀ pé ìlú náà kì í sùn. Àwọn bọ́ọ̀sì tó ń ti Èkó bọ̀ àti àwọn tó ń ti Bìní bọ̀ ń pàdé níbẹ̀, èrò á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á na ara, wọ́n á yán, àwọn oníìpékeré á sì máa sáré tẹ̀lé fèrèsé ọkọ̀. Pijin ni wọ́n fi ń tajà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ bú ara wọn kó dùn, Ìkálẹ̀ ni wọ́n ń padà sí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tí mo ń lọ ṣe. N kò fẹ́ràn kí èèyàn máa fa ìtàn gùn mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí náà n kò ní í ṣe é fún yín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ baálẹ̀ Abà Òkè, abúlé wa tó wà lójú ọ̀nà oko láàárín Odígbó àti Omifúnfún, kú ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ní ilé tiwa, a kì í du oyè, a kì í sì í dìbò sí i. Àkọ́bí ọkùnrin baálẹ̀ tó kú ló ń jẹ ẹ́. Àkọ́bí yìí ni Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá, tó ti wà ní Jámánì láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Bí òun bá kọ̀ ọ́, àkọ́bí àbúrò baálẹ̀ ló kàn. Ẹ̀yin ará ilé mi, àkọ́bí ọ̀hún, èmi ni.

N kò fẹ́ ẹ. Tíṣà Jọ́gíráfì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Orè, ó ku ọdún mẹ́fà kí n fẹ̀yìn tì, mo ní oko kòkó kékeré kan, mo sì ní ọpọ́n ayò tí mo ń jókòó tì nírọ̀lẹ́. Baálẹ̀ kì í ta ayò ní gbangba. Kì í jẹun níta, kì í bá èèyàn pariwo, kì í sọ pé ó ti rẹ òun. Ẹjọ́ ló fi ń jí, ẹjọ́ ló fi ń sùn. Mo rí bí oyè náà ṣe jẹ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tán, ẹnikẹ́ni kò lè tàn mí pé ọlá ni.

Ṣùgbọ́n kò ṣeé fi sílẹ̀ lófo bẹ́ẹ̀. Làmídì, ará Ìwó tí bàbá rẹ̀ ti ń dáko lórí ilẹ̀ wa kí wọ́n tó bí mi, jí lọ́jọ́ kan, ó bá igi kòkó márùndínlógójì tí wọ́n ti fi àdá gé nílẹ̀. Ó wá sílé wa, ó jókòó, ó ń wojú wa. Bàbá Akíndélẹ̀, olórí ẹbí, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, ní kò sẹ́ni tó lè dá ẹjọ́ ààlà bí kò ṣe baálẹ̀, a kò sì ní baálẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àlejò tó ń dáko ti ń gbé àdá dání lọ sí ibi tí kò sí iṣẹ́ àdá. Ẹ̀rù ń bà wá.

Ni Bàbá Akíndélẹ̀ bá já ewé akòko mẹ́ta lára igi ẹ̀yìnkùlé olóògbé. Ewé yìí la fi ń pe ọmọ oyè: tí wọ́n bá ti fi lé orí rẹ̀, ó di baálẹ̀ nìyẹn, ìyókù jíjẹ àti mímu ni. Bàbá fi ewé náà lé mi lọ́wọ́.

"Gbé e fún Ṣọlá. Bó bá gbà á, kó fi sórí. Bí kò bá gbà á, gbé e padà wá fún mi. Ṣùgbọ́n Wándé, ewé yìí kò gbọdọ̀ kan orí ẹlòmíràn lójú ọ̀nà o."

"Bàbá, ta ni yóò gbé ewé lé orí?" ni mo wí, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi dé Èkó. Awakọ̀ náà, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń jẹ orógbó, wo fìlà mi, ó wo àpótí mi.

"Tíṣà, ibo lẹ ń lọ tẹ́ ẹ múra báyìí?"

"Jámánì."

"Yéè! Ẹ bá mi wa mọ́tò kan bọ̀. Àwọ̀ yòówù kó jẹ́, mo gbà."

Ọ̀nà náà dára láti Orè títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́yìn èyí a bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú kòtò. Níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà, awakọ̀ dúró, ó ra ọ̀yà kan, ó gbé e sábẹ́ àga mi láìtọrọ àyè. Báyìí ni mo ṣe bá ọ̀yà gbígbẹ rìn dé Èkó.

Nínú ọkọ̀ òfuurufú, ìyá kan tó ń lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó ló jókòó tì mí. Ìyá náà ti lọ rí, ó sì fẹ́ràn láti máa dẹ́rù ba ẹni tí kò lọ rí. Ó ní ní ìjọ̀sí, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù Jámánì kó ẹran gbígbẹ òun, wọ́n kó ewé ẹ̀fọ́ òun, wọ́n dà á sínú garawa ìdọ̀tí níṣojú òun.

"Ewé ńkọ́, Mà? Ewé mẹ́ta péré?"

"Tútù àbí gbígbẹ?"

"Ó ṣì tutù díẹ̀."

"Wọ́n á gbà á. Ewé tútù gan-an ni wọn kì í fẹ́ rí."

Mo ronú nípa ẹ̀gbọ́n bàbá mi nínú sàréè, nípa Làmídì, nípa bí mo ṣe máa dé iwájú Bàbá Akíndélẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ ní Frankfurt, mo wọ ilé ìyàgbẹ́, mo yọ ewé náà nínú bàágì, mo tò ó sínú fìlà mi, mo dé e. Mo rántí láti ti ilẹ̀kùn. N kò rántí ohun tí Bàbá sọ rárá.

Wọ́n tú ẹrù mi lóòótọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ gbé púpurú kan jáde, ó wo bó ṣe rí roboto tí èéfín ti sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di dúdú, ó fi ìka kàn án kó-kó-kó bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ó ní kí ni. Mo ní oúnjẹ. Ó tún un béèrè, mo tún un sọ. Ó pe ẹnì kejì. Àwọn méjèèjì gbé e gba inú ẹ̀rọ, wọ́n wò ó, wọ́n bá mi gbé e padà sínú àpò pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ajá wọn kan gbóòórùn bàtà mi, bóyá ti ọ̀yà ni. Fìlà mi, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ dì mọ́ ajá náà.

Wọ́n ti sọ fún wa láti kékeré pé ará Jámánì kì í pẹ́ dé ibi kankan. Ọkọ̀ ojú irin tí mo dúró dè pẹ́ ní ogójì ìṣẹ́jú. Bí inú ṣe bí wọn ló yà mí lẹ́nu. Wọ́n ń wo aago, wọ́n ń mí hùn-ún, ìyá arúgbó kan sì ń bá pátákó ìkéde sọ̀rọ̀. Ní Orè, bí ọkọ̀ bá pẹ́ ogójì ìṣẹ́jú péré, ọpẹ́ la máa dá. Ife kọfí tí mo mu níbẹ̀ jẹ́ yúrò mẹ́rin. Nígbà tí mo sọ ọ́ di náírà lọ́kàn mi, mo mu ún dé ìsàlẹ̀ tó korò.

Láti ojú fèrèsé, mo rí oko rẹpẹtẹ, tí kò ní ọgbà, tí kò ní ahéré, tí kò sì ní èèyàn kankan. Igbó wọn pàápàá, wọ́n gbìn ín ní ìlà-ìlà bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà àárọ̀. Mo wá àgbẹ̀ kan kí n juwọ́ sí i. Wákàtí méjì ni mo fi wá, n kò rí.

Ìlú tí Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá ń gbé kéré, n kò sì ní í dárúkọ rẹ̀ nítorí ó bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀. Orí òkè ni ààfin ìlú náà wà; *Schloss* ni wọ́n ń pe ààfin lọ́hùn-ún. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi níbùdókọ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ó fi ojú jọ bàbá rẹ̀ débi pé mo gbàgbé ibi tí mo wà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì.

"Dìde, Wándé, dìde! Wọ́n á pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn fún ẹ!"

Lóòótọ́, obìnrin kan ti mú fóònù jáde. Ẹ̀gbọ́n mi gbé mi dìde, ó sì dì mọ́ mi. Ó pẹ́ kó tó fi mí sílẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Helga, obìnrin gíga tó ń rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí mi pé "Ẹ káàbọ̀" dáadáa, ó sì gbé oúnjẹ kalẹ̀. *Abendbrot* ni wọ́n ń pè é, ìyẹn búrẹ́dì alẹ́. Ẹ má rò pé àwàdà ni mo ń ṣe: búrẹ́dì dúdú líle, wàràkàṣì, àti tàtàṣé tútù ńlá tí kò ta lẹ́nu rárá. Wọn kì í dáná alẹ́. Lọ́kàn mi mo ń wo àpò púpurú mi, mo ń ronú ọbẹ̀ marúgbó. Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá náà ń wò ó. Helga ló wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ júwe fún mi pé ọkùnrin kì í dé fìlà nídìí oúnjẹ níbẹ̀.

Mo ṣí fìlà. Ewé akòko mẹ́ta já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wàràkàṣì.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ewé, ó wo orí mi. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò mú ìyẹn kúrò.

"Ta ni wọ́n fi ewé yẹn rán ẹ sí?"

"Ẹ̀yin ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Ibo ló wà láti àárọ̀?"

"Nínú fìlà mi. Kí kọ́sítọ́ọ̀mù má baà…"

Ìgbà yẹn ni ohun tí Bàbá Akíndélẹ̀ sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí mi létí. Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, ó fọwọ́ lu tábìlì, Helga ń béèrè kí ló dé, kò lè dáhùn. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó tẹ orí ba, ó ní, "Baálẹ̀ o! Kí ẹ pẹ́ lórí oyè!"

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Àṣìṣe ni."

"Ewé ò mọ àṣìṣe."

"Ilẹ̀ òyìnbó ló ti ṣẹlẹ̀! Kò kà!"

"Òkè ọ̀run ló ti ṣẹlẹ̀, tó o bá fẹ́ òótọ́. Inú ọkọ̀ òfuurufú."

Inú bí mi. Mo ní kó má fi ọ̀rọ̀ ilé ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní baba rẹ̀ kú, kò wá. Èyí mú ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, ó sì jókòó.

Lówùúrọ̀, ó mú mi lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń tọ́jú ilẹ̀ pákó ààfin. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń fi ìda pa á, kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá sì wà ní ìgbànú rẹ̀. Ẹ wò ó ná: ọmọ oyè Abà Òkè, tó kọ̀ láti jókòó sórí ìjókòó bàbá rẹ̀, òun ló ń nu ilẹ̀ abẹ́ ìjókòó ọba ẹlòmíràn láràárọ̀. Mo sọ ọ́ fún un báyìí gan-an. Ó ní òun mọ̀.

Àwọn àlejò kò tíì wọlé. Ó ṣí yàrá kan tó ga, ó fi ọkùnrin kan hàn mí nínú àwòrán, onírùngbọ̀n, tó wọ aṣọ ológun tí bọ́tìnnì rẹ̀ pọ̀, tí ojú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tí wọ́n mú ní tipátipá wá síbi ìgbéyàwó.

"*Herzog* tó jẹ kẹ́yìn-kẹ́yìn níbí nìyí," ni ó wí. *Herzog* ni oyè tí wọ́n fi ń pe ọba ilẹ̀ kékeré, kì í ṣe ti gbogbo Jámánì. "Ilẹ̀ tirẹ̀ kò tóbi. Ẹni tó bá gun ẹṣin ní ìdájí á ti kọjá ààlà kejì kí oòrùn tó wọ̀. Kì í ṣe ibí ni wọ́n bí i sí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló ń ṣe, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló ń jọba níbí, ó kú láìbímọ."

"Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n yọwọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ní òun ń ṣàìsàn, ọ̀kan ní ìyàwó òun kò fẹ́. Oyè ń yí bọ̀ títí ó fi já lé e lórí. Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta pé òun kò fẹ́. Wọ́n fi ẹ̀kẹrin dá a lóhùn pé ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé dá padà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tó gúnlẹ̀ síbí, pẹ̀lú ajá méjì àti ìkòkò tábà rẹ̀."

Ó mú mi lọ sídìí fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ó ní kí n wo ilẹ̀. Ojú pákó níbẹ̀ ti jẹ wọnú díẹ̀, láti fèrèsé dé ibi ògiri, àti padà.

"Ibí ló ti máa ń rìn nírọ̀lẹ́, bí ẹni tó wà lórí ọkọ̀. Gbogbo ìda tí mo ti fi pa á, kò dí. Títí ó fi kú, kò gbọ́ èdè ọjà ìlú yìí. Ìwé tí wọ́n bá gbé wá, á fọwọ́ sí i. Wọ́n gba igbó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ nígbà tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló wà lára ìwé náà, kò sì mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn."

Mo rò pé mo ti rí ọ̀nà mú un. Tíṣà ni mí, mo mọ ìgbà tí ọmọ bá ti fẹnu ara rẹ̀ dáhùn ìbéèrè.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ rí i pé òun, àlejò ni. Ẹ̀yin, ọmọ ilé ni yín. Ẹ wá jókòó síbi tí ọkùnrin yìí kò lè jókòó sí."

Ó kọjú sí mi. "Wándé, kí lorúkọ ọkùnrin tí wọ́n gé kòkó rẹ̀?"

"Làmídì."

"Ta ni ìyàwó rẹ̀?"

"Sìdíkátù. Ó ti bí mẹ́rin. Àbíkẹ́yìn wọn wà ní kíláàsì mi."

"Ààlà rẹ̀ àti ti ẹni tó kàn án, kí ló wà níbẹ̀?"

"Igi òro kan ni, tó ti ṣubú lọ́dún tí òjò pọ̀. Bàbá yín ló ní kí wọ́n gbin pèrègún rọ́pò rẹ̀. Wọ́n gbin mẹ́rin, ọ̀kan kú."

"Bí mo bá délé lónìí, ta ló máa sọ ìyẹn fún mi?"

Mo tẹjú mọ́ ojú pákó tó jẹ náà.

"Àlá tí mò ń lá, èdè ibí ni mo fi ń lá a. Mi ò mọ ọ̀nà oko mọ́. Mi ò mọ ọmọ ta ni ta. Ìwé ni wọ́n á máa gbé wá fún mi, èmi á sì máa fọwọ́ sí i." Ó tọ́ka sí ọkùnrin inú àwòrán. "Ò ń rò pé ìwọ nìyẹn nítorí pé o kò fẹ́ jẹ ẹ́. Rárá o. Àìfẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Kò mọ èèyàn, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mo jọ ọ́, Wándé. Ìwọ kọ́."

Mo fẹ́ bínú, n kò rí ibi tí mo lè gbé ìbínú náà kà. Mo bi í léèrè ohun tó ti wà lọ́kàn mi láti oṣù mẹ́fà, pé kí ló dé tí kò wá sìnkú. Ó ń yí kọ́kọ́rọ́ kan po lọ́wọ́.

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mo mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ mi bá kan ilẹ̀ Abà Òkè báyìí, wọ́n á gbé ewé lé mi. Mo wo ìsìnkú bàbá mi nínú fóònù, ní yàrá ìfọṣọ ààfin yìí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí wọ́n tó gbé e sọ̀ kalẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. A ro púpurú, Helga jẹ ẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀kì, ó ní ó dára, mo sì gbàgbọ́ pé ó parọ́ fún mi. Mo kọ́ pé *Feierabend* ni wọ́n ń pe àsìkò tí iṣẹ́ bá ti parí, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ẹ́ lẹ́nu mọ́. Mo ní baálẹ̀ kò ní èyí o. Ewé náà wà lórí pẹpẹ ìwé títí mo fi ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò fọwọ́ kàn án rárá. Èmi ni mo gbé e padà sínú bàágì, ó ti gbẹ.

Mo ní láti jẹ́wọ́ fún yín ohun tí mo gbèrò nínú ọkọ̀ òfuurufú nígbà tí mo ń bọ̀. Ta ló rí ewé lórí mi? Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá àti ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì sì wà lókè òkun. Mo lè sọ pé kọ́sítọ́ọ̀mù gbà á. Mo lè sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ní kí a fún òun lọ́dún méjì kí òun fi ronú. Ní ọdún méjì, Bàbá Akíndélẹ̀ lè ti sùn, ọ̀rọ̀ náà á sì di ti ẹlòmíràn. Irọ́ náà gún régé. Mo tò ó dáadáa láti Frankfurt dé Èkó, mo tún un tò nínú bọ́ọ̀sì láti Èkó dé Orè. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á jẹ́: gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibi ọdún méjì, Sìdíkátù ni mo ń rí, tó ń kó ọmọ mẹ́rin lọ sóko láàárín àwọn tó gbé àdá dání.

Ọ̀sán gangan ni mo sọ̀ kalẹ̀ ní Orè. Ooru gbá mi lójú, mo sì yọ̀. Mo ra ọsàn, mo fi Ìkálẹ̀ ná an títí obìnrin tó ń tà á fi bú mi, ara mi wá balẹ̀. Ọ̀kadà gbé mi gba ọ̀nà Odígbó wọ inú oko. Bí mo ṣe dé Abà Òkè, àwọn àgbà ti wà lábẹ́ ìbòrí, ẹnì kan ti tẹ̀ wọ́n láago láti Orè.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé ewé gbígbẹ náà síwájú Bàbá Akíndélẹ̀. Mo ní Ṣọlá kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà mo sọ ti fìlà. Mo sọ gbogbo rẹ̀, tìyá tó bá mi wọkọ̀, ti ilé ìyàgbẹ́, ti wàràkàṣì.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Bàbá ní, "Lójú ta ló ti ṣẹlẹ̀?"

"Ojú Ṣọlá àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ti já bọ́, Bàbá."

"O lè fi pa mọ́ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀."

"O wá fẹ́ oyè náà báyìí?"

"N kò fẹ́ oyè yìí rárá, Bàbá."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ sá pamọ́ sí Àgbàbú fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kí a tó rí i mú. Ẹkún ló ń sun nígbà tí a gbé e dé. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú." Ó gbé ewé náà, ó nà án sókè díẹ̀. "Dorí bolẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kí a ṣe é lójú èèyàn."

Mo dorí bolẹ̀.

Ẹjọ́ Làmídì gba ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó gé kòkó rẹ̀ ti ń gbin òmíràn fún un báyìí, ó ń ráhùn bí ó ṣe ń gbìn, ṣùgbọ́n ó ń gbìn. Iléèwé ṣì ń gbà mí láàyè láti wá kọ́ àwọn ọmọ títí di ọ̀sán. Ayò ti tán. Ó ń dùn mí, n kò ní í parọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí mo jẹ oyè, Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá tẹ̀ mí láago. Mo kí i, kò dáhùn ìkíni. Ó ní ẹjọ́ ni òun gbé wá.

Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí kò da yèèpẹ̀ sí sàréè bàbá rẹ̀ kì í wọ abúlé mọ́ àfi bí baálẹ̀ bá fún un láyè. Mo mọ òfin náà, ó sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí n kò rò rí ni pé baálẹ̀ tí ì bá bẹ̀ ni bàbá rẹ̀ tó kú.

"Láti oṣù mẹ́fà," ni ó wí, "mi ò rí ẹni tí mo lè tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò béèrè nígbà tí o wà lọ́dọ̀ mi, nítorí ìwọ náà ń sá. Mo fẹ́ wálé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo fẹ́ wá síbi sàréè bàbá mi. Mo ń bẹ̀ ọ́, Baálẹ̀."

Mo ṣì ń bínú sí i, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ jókòó ti ayò ni mo máa ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbọ́ èémí rẹ̀ nínú fóònù, ó yé mi pé ká ní mo pa irọ́ tí mo tò láti Frankfurt, ẹ̀gbọ́n mi kò ní í rí ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀ fún un títí ó fi máa kú sí ẹ̀bá fèrèsé ọba yẹn. Kò sí ẹlòmíràn lórí ilẹ̀ ayé tó lè sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Èmi nìkan ni.

"Bọ̀ọ̀dá," ni mo wí, "ẹ máa bọ̀ wálé."

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ó sì sunkún bí ọmọdé. Mo dúró tì í lórí fóònù títí ó fi sun ún tán.